Àdàbà Abẹ́ Àgò

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn mi ti dé etí mi. Ẹ ní baba àgbà ti ń ṣarán. Ẹ ní nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, mo máa ń gbé agolo àti igi lọ sóko kí oòrùn tó yọ, pé ẹ̀gbẹ́ oko tíṣà, ẹni tó bá mi pààlà, ni mo máa ń dúró sí, tí mò ń lé ẹyẹ kúrò nínú oko olóko wá sínú tèmi. Èyí tó dàgbà jù nínú yín tilẹ̀ ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, pé ta ni í fi ẹnu ara rẹ̀ pe olè wọlé? Òótọ́ lẹ sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n n kò ṣarán. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé akin ni mí nígbà èwe mi. Ojo ni mí. Bí ààrá bá sán, abẹ́ ibùsùn ni wọ́n ti ń wá mi. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá gun igi ọsàn ní Fìdítì níbí, ìdí igi lèmi máa ń wà, mo ń ṣa èyí tó bá já bọ́. Ìyàwó mi, Ìyá Kúdí, mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ́ mi. Ó ní ojo kì í jà, ilé òun yóò tòrò. Ilé wa sì tòrò lóòótọ́, títí di ọdún tó kọjá.

Kí n tó sọ ti ọdún tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń gbin àgbàdo nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Nígbà náà, ènìyàn kì í gbin àgbàdo tán kó padà sílé lọ sùn. Ọjọ́ tí irúgbìn bá wọlẹ̀ ni iṣẹ́ àwa ọmọdé bẹ̀rẹ̀. Àparò ń bọ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ ń bọ̀, àdàbà ń bọ̀. Àparò a máa fi ẹsẹ̀ hú u, ọ̀kẹ́rẹ́ a máa jí i gbé, ṣùgbọ́n àdàbà ní tirẹ̀ kì í kánjú. Yóò máa rìn lórí poro wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, yóò máa mi orí, àfi bí ìyàwó tuntun tó ń kí àwọn àna rẹ̀. Bàbá wa á wá kó wa lọ sí abà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ràbí, a ó sì wà nínú àtíbàbà láàárín oko títí àgbàdo yóò fi yọ ewé méjì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, ọjọ́ mẹ́wàá ni, bí òjò bá ṣe rọ̀ sí.

Ohùn ni iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ kò lè mọ bí oko ṣe máa ń dákẹ́ tó nígbà náà, títí ẹnì kan yóò fi lu agolo. A so okùn mọ́ agolo ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oko, a sì jókòó sáàárín. Bí a bá fa okùn, gbogbo oko á pariwo. Ràbí ló ni ohùn nínú wa. Orin tó máa ń kọ rèé:

Ẹyẹ oko, má jẹ tèmi,
Má jẹ tèmi, mo ti jí.
Ti Làmídì ni kí o jẹ,
Làmídì ń sùn, kò tí ì jí.

Làmídì ni ọmọ ẹni tó ni oko kejì. Bí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, òun náà á ta jí nínú àtíbàbà tirẹ̀, á sì fi orúkọ Ràbí dá orin náà padà. Báyìí la ṣe ń da ẹyẹ sí ara wa lóko títí oòrùn yóò fi mú. Ẹyẹ á jẹ díẹ̀ níbí, á jẹ díẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò sí ẹyẹ tó kú, kò sì sí ilé tí ebi pa. Nígbà tí Làmídì dàgbà, ó wá fẹ́ Ràbí. Ó ní ohùn tó ti ń bú òun láti kékeré ti mọ́ òun lára.

Ọdún kan wà tí Ìtúnu bọ́ sí àárín ọjọ́ ẹyẹ lílé. A rò pé bàbá yóò wá kó wa lọ sí yídì. Bàbá kò kó wa. Ó gun kẹ̀kẹ́ wá lẹ́yìn ìrun, ó gbé àwo oúnjẹ àti ẹran wá, ó sì gbé aṣọ tuntun wa dání. A wọ aṣọ ọdún nínú àtíbàbà, a jẹun, a ń fa okùn agolo. Bàbá bọ́ dàńṣíkí rẹ̀ àtijọ́, ó fi wọ igi kan tí a rì mọ́lẹ̀ kí ẹyẹ lè rò pé ènìyàn ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde lọ tọ̀, mo rí ọkùnrin kan tó na apá méjèèjì. Mo pariwo, mo fi kànnàkànnà ju òkò, mo sì sá lọ bá Ràbí. Dàńṣíkí bàbá ni. Òkò mi ti ya á láyà. Ràbí rẹ́rìn-ín títí ó fi dákú lórí ẹní, ó ní ẹyẹ kò bẹ̀rù rẹ̀, ọmọ ẹni tó ni ín ló bẹ̀rù rẹ̀.

Òfin kan wà nílé wa. Bí òkò bá ba àparò, a lè dú u ká jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í pa àdàbà. Bàbá ní ẹyẹ náà ló yé ẹyin sí ẹnu ihò nígbà tí àwọn ọ̀tá ń lé Ànábì wa, tí wọ́n fi rò pé kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá ṣèèṣì ṣẹ́ àdàbà lápá, òun ni yóò gbé e wálé. Yóò fi ẹyọ ìgbálẹ̀ àti òwú di apá náà, yóò fi àdín pa á, yóò dé àgò lé e lórí. Yóò máa rún àgbàdo lẹ́nu, yóò sì máa fi ìka fún un jẹ títí yóò fi lè fò. Bí ẹyẹ bá wá kú, ọmọ náà yóò dìde láàárín ilé lẹ́yìn ìrun àárọ̀, lójú bàbá, lójú ìyá, lójú àlejò pàápàá, yóò sì wí pé: "Àdàbà kú. Ọwọ́ mi ló kú sí." Kò sí ẹgba níbẹ̀, kò sì sí èébú. Bàbá á kàn ní, "A gbọ́," ọ̀rọ̀ sì tán.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tí kò ju méje lọ ni. Mo ṣẹ́ àdàbà kan lápá, mo tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ méjìlá. Ní ọjọ́ kẹtàlá mo ṣí àgò, ó ti le gbagidi. Mo ti gbàgbé láti fún un lómi lánàá nítorí eré. Mo dìde láàárín ilé lẹ́yìn ìrun, gbogbo ojú ń wò mí, ahọ́n mi sì wúwo. Mo ní, "Ológbò ló pa á." Bàbá dìde. Ó mú ológbò ilé, ó tì í sínú àpò, ó gbé e lọ sọnù ní òdìkejì odò. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ nínú àpò bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá lójú mi, mo sì dákẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi ju ogún lọ dáadáa.

Ní báyìí, ta ló ń sùn sí abà? Àtíbàbà ti wó. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé, ibẹ̀ náà ló sì yẹ wọ́n. Àwọn òbí wọn ń wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ̀rù ajínigbé sì wà, pé kí àgbà má dá wà nínú igbó jù. Nítorí náà a rí ọgbọ́n mìíràn dá sí ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Irúgbìn tí a ń rà nísinsìnyí ti wá pẹ̀lú oògùn lára. Ó pupa bí osùn. Ènìyàn gbìn ín tán, ó padà sílé, ó sùn. Kòkòrò kò ní fọwọ́ kàn án, ẹyẹ tó bá sì jẹ ẹ́, ẹ ti mọ ìyókù.

Irú rẹ̀ ni mo rà lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó tà á fún mi kò jẹ̀bi o, ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bàbá, gbígbìn ni o, kì í ṣe jíjẹ. Adìẹ pàápàá, ẹ má fún un." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbìn ín sí oko tí mo ní lẹ́yìn ìlú, ó sì ṣẹ́ kù tó agolo méjì nínú ọ̀rá.

Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ wo oko. Àdàbà kan wà lórí poro. Mo súnmọ́ ọn, kò fò. Apá rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀, ó la ẹnu. Mo wò yíká, bóyá n ó rí ọmọ tó ń fi rọ́bà ta ẹyẹ. Mo ní ọ̀kan nínú wọn ló ta á. Ẹ wo bí mo ṣe yára mọ ẹni tó jẹ̀bi. Mo ṣí fìlà, mo gbé e sínú rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù kìkì lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Ẹ̀rù ẹyẹ náà ń bà á, tèmi náà ń bà mí, nítorí láti ìgbà ológbò yẹn n kò tí ì gbé àdàbà wọlé mọ́.

Ẹ mọ̀ pé Kúdí, ọmọ mi obìnrin, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Jóbẹ̀lẹ̀. Láàárọ̀, kó tó wọ ọ̀kadà, á gbé ọmọ rẹ̀ Àjọkẹ́ wá fún ìyá rẹ̀, á sì wá gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́. Àjọkẹ́ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ nígbà náà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹ̀kọ kọ́ ọ lẹ́nu. Ìyá Kúdí pọn ọn sẹ́yìn nígbà tí mo wọlé, ó sì wo inú fìlà mi.

Ó ní, "Bàbá Kúdí, kí lẹ gbé wá yẹn?"

"Àdàbà ni. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ lápá."

"Ẹ dá a padà. Ẹyẹ oko kì í wọlé lásán. Ọmọ ọwọ́ wà nílé yìí."

"Òfin ilé wa ni."

"Òfin ilé yín? Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó mọ̀ ọ́n. Ẹ fi sẹ́yìnkùlé nígbà náà, ẹ má sì wá fi ọwọ́ yẹn gbé ọmọ."

Mo di apá rẹ̀, mo fi àdín pa á, mo dé àgò lé e lẹ́yìnkùlé. Ó mu omi. Nígbà tí oúnjẹ kàn, mo wá àgbàdo títí, kò sí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ìyá Kúdí ti ń sọ fún mi pé kí n ra àgbàdo ògì bọ̀ láti ọjà, mo sì ń gbàgbé. Èyí tó wà nílé ò ju ìwọ̀nba tó ti rẹ sínú ìkòkò. Ojú mi wá lọ sára ọ̀rá irúgbìn.

N kò gbàgbé ohun tí ẹni tó tà á wí. Ó wà létí mi. Ṣùgbọ́n lójú èmi, ara pupa yẹn ni oògùn wà. Ṣebí bí a bá fọ aró kúrò lára aṣọ, aṣọ ló kù. Ilé wa kì í sì í da àgbàdo nù. Mo dà á sínú ọpọ́n, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, omi pupa bí ẹ̀jẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, omi mọ́, àgbàdo funfun báláú. Mo sá a sórí atẹ, mo gbé atẹ náà sórí ògiri kúkúrú ẹ̀yìnkùlé. Mo mú ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀, èyí tí yóò tó ẹyẹ fún ọjọ́ mélòó kan, mo lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, nítorí n kò ní eyín tí mo lè fi rún un mọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka fún ẹyẹ. Mo lá ìka mi. Ó korò díẹ̀. Mo ní ara ọlọ ló ti wá.

Láti ọjọ́ kejì ni nǹkan ti yí padà. Ọrùn ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ebi ni, mo fún un sí i. Ó tún gbọ̀n sí i, mo tún fún un sí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọjọ́ mẹ́rin. Tí mo bá ń kírun, ọkàn mi wà lábẹ́ àgò. Ohùn ológbò yẹn ń sọ létí mi, ẹ̀yin ọmọ, ológbò tó ti kú kí wọ́n tó bí àwọn bàbá yín. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹyẹ yìí má kú sí mi lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé ohun tó tóbi ju ẹyẹ ni ó yẹ kí n máa bẹ̀ ẹ́ lé lórí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Kúdí gbé Àjọkẹ́ dé, ó ti lọ. Mo lọ ṣí àgò. Ẹyẹ náà dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbé e, ó la ẹnu, ó bì sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì kú. Mo wo ohun tó bì. Odidi àgbàdo mẹ́ta ni, wọn kò tí ì dà, pupa ṣì wà lára wọn.

Mo dúró síbẹ̀. Èmi kò fún un ní odidi àgbàdo rí. Èmi kò fún un ní pupa rí. Inú oko mi ló ti ṣà á. Kò sí ọmọ kankan tó ta á. Kò sí apá tó ṣẹ́. Àgbàdo mi ni. Mo sì tún gbé e wálé, mo fi ìyókù bọ́ ọ.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n lọ da èyí tó kù lórí atẹ sínú ṣáláńgá kí adìẹ má baà jẹ ẹ́. Mo bojú wo orí ògiri. Atẹ kò sí níbẹ̀; ẹyẹ ti gba ojú mi débi pé n kò kíyè sí i láti ọjọ́ mélòó kan. Mo rí i níbi tí wọ́n ti fi í kọ́ ara ògiri ilé ìdáná, ó mọ́ tónítóní.

Mo ní, "Ìyá Kúdí. Àgbàdo orí atẹ dà?"

Ó dáhùn láti inú ilé, "Èyí tí ẹ rà? Mo ti dà á mọ́ ti inú ìkòkò láti ọjọ́ Ojọ́bọ̀. Ẹ ṣeun, ó funfun dáadáa. Mo ti lọ̀ ọ́, mo ti sẹ́ ẹ. Òun ni mò ń fún ọmọ yìí."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti bẹ̀rù ààrá rí, mo ti bẹ̀rù ejò, mo ti bẹ̀rù ọjọ́ ikú. N kò mọ ẹ̀rù rí àfi ọjọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ mi tí ẹ ń rí yìí, tí ń wọ́, ó sáré. Mo bá a níbi tó jókòó sí, Àjọkẹ́ lórí itan, ṣíbí lẹ́nu ọmọ. Mo gba abọ́ náà, ó fọ́ mọ́lẹ̀.

"Mélòó ló ti mu?"

"Kí ló dé?"

"Mélòó?"

"Ṣíbí mẹ́ta. Ó lè jẹ́ mẹ́rin. Bàbá Kúdí, kí ló dé?"

Ahọ́n mi wúwo. Mo ní kó pọn ọmọ, ká máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ó wo ọwọ́ mi, ó rí ẹyẹ tó kú níbẹ̀, nítorí n kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ṣì gbé e dání, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọ̀kadà kan gbé àwa mẹ́ta. Kí a tó dé ìyànà, Àjọkẹ́ ti bì sí ìyá rẹ̀ àgbà lẹ́yìn. Kò sunkún. Ara rẹ̀ rọ jọwọlọ, ojú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Mo fi ọwọ́ ti orí rẹ̀ kí ó má baà máa gbọ̀n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Èmi àgbà ni mo wà lọ́jà o, èmi náà ni mo sì wọ́ orí ọmọ.

Ilé ìwòsàn náà kéré. Nọ́ọ̀sì gba ọmọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó bi wá pé kí ni ó jẹ. Kúdí ti dé nígbà náà, wọ́n ti pè é lórí fóònù, eruku ọ̀nà Jóbẹ̀lẹ̀ wà ní gbogbo ojú rẹ̀. Àwọn aláìsàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, gbogbo wọn ń wò wá.

Ìyá Kúdí ní, "Ẹyẹ kan ni. Mo sọ fún bàbá àgbà rẹ̀ pé kí wọ́n má gbé e wọlé. Ẹyẹ oko, mo ní kì í wọlé lásán. Àárọ̀ yìí ló kú, àárọ̀ yìí náà ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ṣé ẹyẹ yẹn ṣe ọmọ léṣe? Ṣé ó jẹ́ ẹyẹ tó ń ṣàìsàn?"

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀nà là sílẹ̀ fún mi. Bí mo bá mi orí, ẹyẹ ló jẹ̀bi títí ayé. Ó ti kú, kò lè fọhùn, gẹ́gẹ́ bí ológbò ìjọ́sí kò ṣe lè fọhùn. Wọn ì bá sì máa wo àìsàn ẹyẹ lára ọmọ, nígbà tí májèlé ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Mo wo Kúdí. Mo dìde láàárín àwọn ènìyàn yẹn.

Mo ní, "Àdàbà kú. Ọwọ́ mi ló kú sí."

Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Nígbà náà ni mo sọ ìyókù: ti irúgbìn, ti oògùn, ti omi mẹ́ta tí mo fi fọ̀ ọ́, ti atẹ, ti ìkòkò ògì. Mo ní ẹyẹ kò mú nǹkan kan wọlé. Mo ní èmi ni mo fọ àmì rẹ̀ kúrò, n kò fọ oró rẹ̀. Bí mo bá ti jẹ́ kó pupa, ìyàwó mi ì bá mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì kò bú mi. Ó ní, "Ọ̀rá irúgbìn náà dà, bàbá?" Mo rán ọlọ́kadà lọ gbé e. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó pe dókítà lórí fóònù ní Ọ̀yọ́, ó kà á fún un, wọ́n sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ohun tí wọ́n ṣe kò yé mi. Mo mọ̀ pé oòrùn dé àtàrí, ó yẹ̀, èmi sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta, mo ń ka mímí ọmọ náà láti ojú fèrèsé. Nígbà tí oòrùn fẹ́ rẹlẹ̀, Àjọkẹ́ na ọwọ́ sí ọmú ìyá rẹ̀. Ìyá Kúdí jáde wá bá mi, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Èmi ni mo bu ṣíbí." Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká pín in." Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín in.

Mo sin àdàbà náà sí ìdí igi ọsàn, mo gbẹ́ kòtò jìnlẹ̀ fún ògì náà, mo fọ́ ìkòkò rẹ̀. Kúdí kò bú mi rí. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ sọ ọ́ lójú mi, mo gbọ́." Ṣùgbọ́n kò gbé Àjọkẹ́ wá mọ́. Ó wá ń gbé e fún obìnrin kan tó ń gbọ́mọ jó nítòsí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní kí a má bínú, pé àyà òun ń já. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣé èmi ni mo máa bá a jiyàn lórí ẹ̀rù?

Nítorí náà, lọ́dún yìí, àgbàdo tí kò ní oògùn ni mo gbìn. Mo gbé agolo lọ sóko, mo dúró láàárín, mo ń kọ orin Ràbí. Àdàbà méjì bà lé poro mi. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n má jẹ tèmi, kí wọ́n lọ jẹ ti Làmídì. Wọ́n fò, mo ń fi ojú sìn wọ́n lọ. Wọ́n bà sí oko tíṣà. Mo rí irúgbìn tó tú sílẹ̀ lẹ́bàá ààlà. Ó pupa.

Orin náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tiwa, bí a bá da ẹyẹ sí oko ẹlòmíràn, oúnjẹ la dà á sí. Mo sáré lọ sí ààlà, mo lu agolo, mo lé wọn padà wá sínú tèmi. Láti ọjọ́ yẹn títí àgbàdo tíṣà fi hù ni mo ń dúró síbẹ̀. Tíṣà rò pé mò ń bá òun ṣọ́ oko ni, ó ra búrẹ́dì fún mi. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó ní, "Bàbá, bí n kò bá gbin olóògùn, ta ni yóò bá mi lé ẹyẹ? Ìbàdàn ni mò ń lọ lójoojúmọ́." Mo ní èmi yóò lé e. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní a ó sọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ń ṣarán, ẹ ti rí i. Àdàbà sì ti jẹ tó ìdajì irúgbìn mi.

Ìyókù hù, ó gbó, mo ya á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ru apẹ̀rẹ̀ kan lọ sílé Kúdí. Ó gbé omi kaná, ó sè é. Àjọkẹ́ ti ń rìn báyìí, ó di aṣọ mi mú, ó ń na ọwọ́ sí abọ́. Kúdí mú ṣírí kan, kò fi fún un. Kò wò mí lójú. Mo gba ṣírí náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ìka họ ọ́ nítorí àìléyín, mo jẹ ẹ́ títí ó fi dé ìdajì, lójú gbogbo wọn. Mo gbé ìdajì tó kù sí orí abọ́.

Kúdí kò tí ì fún ọmọ. Ó jókòó, ó ń wo ojú mi, ó ń retí bóyá nǹkan yóò ṣe mí. Àjọkẹ́ ń sunkún àgbàdo. N kò bínú sí Kúdí. Èmi náà ń retí.